Ìbéèrè ìmọ̀ràn: báwo ni a ṣe lè jẹ́ kí ìrẹ̀ darí róbọ́ọ̀tì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá àti ojúgbà mi. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní Ilé-Ifẹ̀, èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sì fẹ́ ṣe róbọ́ọ̀tì kékeré kan tí kòkòrò yóò máa darí. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Tókíò gbé akọ àfòpiná sílíìkì lé orí bọ́ọ̀lù fífúyẹ́ nínú róbọ́ọ̀tì. Bí ó ti ń fẹsẹ̀ yí bọ́ọ̀lù náà láti tọ òórùn abo lọ, bẹ́ẹ̀ ni róbọ́ọ̀tì ń gbé e lọ síbẹ̀. Mo ti ro ti fífi wáyà gba àmì láti inú ọpọlọ kòkòrò tààrà, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ rẹ̀ kò sí, n kò sì fẹ́ dá ẹ̀dá lóró.

Abo ìrẹ̀ ni mo wá yàn láti gbé sórí irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, nítorí ó máa ń rìn tọ ohùn akọ lọ (ara ẹsẹ̀ iwájú ni etí rẹ̀ wà, èyí tó ya àwọn ọmọ náà lẹ́nu gidigidi). A ti gba ohùn akọ sórí fóònù, máòsì kọ̀ǹpútà sì ń ka yíyí bọ́ọ̀lù dáadáa. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìda oyin lẹ ẹ̀yìn ìrẹ̀ náà mọ́ wáyà tín-ín-rín, ńṣe ni ó máa ń ká ẹsẹ̀ jọ. A ti yí gíga wáyà náà padà, a sì ti dán an wò lálẹ́, síbẹ̀ kò rìn.

Ìbéèrè mi kan ṣoṣo nìyí: báwo ni a ó ṣe di ìrẹ̀ mú tí yóò fi máa rìn lórí bọ́ọ̀lù láìfarapa? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.