Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì: ṣé kí n gba iṣẹ́ ọdún kan yìí ni àbí kí n lọ ṣe másítà?

ỌmọẸrinIlé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ ni, Bótánì ni mo kà, 2:1 ni mo sì fi jáde. Àtìgbà tí mo ti ṣe IT, iṣẹ́ ìdánrawò tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ lọkàn mi ò ti kúrò níbẹ̀ mọ́, iṣẹ́ ìwádìí ni mo fẹ́ ṣe, kì í ṣe báńkì. Báyìí àyè kan ti ṣí sílẹ̀ n'Ìbàdàn, assistant research scientist ni wọ́n pè é, kọ́ńtíráàtì ọdún kan, lórí ẹ̀gẹ́ náà ni, owó ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Bàbá mi ní kí n lọ ṣe másítà kíá, kí n má lọ máa sá oòrùn kiri inú oko. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe? Kí ni wọ́n máa ń bi èèyàn ní ìntáfíù irú ẹ̀? Kí tiẹ̀ niṣẹ́ yẹn gan-an lójoojúmọ́, torí gírámà tí wọ́n kọ síbẹ̀ ò yé mi tó. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa pa á dé.

BàbáPákí:
Àbúrò, gba iṣẹ́ yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ìwádìí ẹ̀gẹ́ n'Ìbàdàn níbí, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ẹ, torí kóòtù funfun àti máíkírósíkóòpù làwọn èèyàn ń rò. Inú oko lo máa wà jù. O máa jí lọ sóko kí oòrùn tó mú, o máa tẹ̀ lé ebè láti pọ́lọ́ọ̀tì dé pọ́lọ́ọ̀tì, o máa wo ewé ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan bóyá àrùn mosaic, èyí tó ń ba ewé ẹ̀gẹ́ jẹ́, ti mú un, o máa wá fún un ní nọ́ńbà láti 1 dé 5. 1 ni pé ewé mọ́ tónítóní, 5 ni pé ewé ti lọ́, ó ti kéré, igi fúnra ẹ̀ ò dàgbà mọ́. Àwọn méjèèjì yẹn ò le. Àárín 2 sí 3 niṣẹ́ wà, torí èyí tí ìwọ máa pè ní 2 ẹlòmíì lè pè é ní 3, ìdí nìyẹn táwọn ọ̀gá tó mọṣẹ́ fi máa ń ní kẹ́ ẹ lọ wo pọ́lọ́ọ̀tì kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ tó wá fi ìwé yín wéra. Ó máa pẹ́ díẹ̀ kí ojú ẹ tó mọ̀ ọ́n.

Tó bá di ìgbà ìkórè, a máa wọn ẹ̀gẹ́ lórí òṣùwọ̀n lásán, a tún máa wọ̀n ọ́n nínú omi, ibẹ̀ la ti ń ṣírò bí ohun tó máa kù nínú ẹ̀ tómi bá gbẹ ṣe pọ̀ tó, torí onígàárì ò fẹ́ ẹ̀gẹ́ olómi.

Èyí tó wù mí jù ni tòdòdó, ìyẹn bá a ṣe ń da irú ẹ̀gẹ́ méjì pọ̀ ká lè rí irú tuntun. Ẹ̀gẹ́ máa ń yọ òdòdó dáadáa ní Ubiaja lápá Ẹdó ju Ìbàdàn lọ, ìyẹn làwọn IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tó wà n'Ìbàdàn, fi máa ń ṣe é níbẹ̀. Òdòdó abo ló wà nísàlẹ̀, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ là, takọ ò ní là títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. O máa mú akọ látorí igi tó o fẹ́ kó ṣe bàbá, o máa fi kan abo, o máa fi àpò kékeré bò ó kí kòkòrò má bàa gbé tẹlòmíì wá, o máa wá so táàgì mọ́ ọn, orúkọ ìyá ṣáájú, tibàbá tẹ̀ lé e. Tí èso yẹn bá gbẹ, fífọ́ ló máa fọ́ dànù fúnra ẹ̀, kóró á sì fò kiri, ìdí nìyẹn tá a ṣì tún fi ń fi àpò bò ó. Èso kan ò sì lè ní ju kóró mẹ́ta lọ. Látorí kóró yẹn dórí ẹ̀gẹ́ tí àgbẹ̀ máa gbìn, ó lè tó ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá. O wá rí i pé tí táàgì kan bá sọnù, kì í ṣe bébà ló sọnù yẹn.

Fún ìntáfíù, iṣẹ́ àṣejáde ẹ gan-an ni wọ́n máa dì mú. Kí ló dé tó o fi tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta? Kí ló dé tó ò kàn to gbogbo ẹ̀ léra láìda ipò wọn rú? Tí àgbàrá bá gbé pọ́lọ́ọ̀tì kan lọ, kí lo máa kọ? Mọ Excel dáadáa, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ R, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò dátà, kó o sì gbé app tí wọ́n ń pè ní Field Book sórí fóònù ẹ, ọ̀fẹ́ ni, òun la fi máa ń kọ dátà lóko.

AdúnníLáàbù:
Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ bàbá ẹ náà ò sọ̀rọ̀ òfo. Ibi ìwádìí pọ̀ n'Ìbàdàn, IITA wà láti 1967, CRIN tó wà fún kòkó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ láti 1964, NIHORT tó wà fún èso àti ẹ̀fọ́ wà ní Ìdí-Ìṣin, FRIN tó wà fún igbó wà ní Jericho, IAR&T tó wà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Moor Plantation. Àwọn tó jẹ́ tìjọba, CONRAISS, ìyẹn ètò owó oṣù àwọn ilé ìwádìí ìjọba, ni wọ́n fi ń san owó oṣù níbẹ̀, tó ò bá ní àpilẹ̀kọ nínú jọ́nà wọn ò lè gbé ẹ ga, tó ò bá sì ní PhD, ó níbi tó o máa dé tó o máa dúró sí. Torí náà másítà di dandan, ìgbà wo lo máa ṣe é la ń sọ.

Kó o tó fọwọ́ sí nǹkan kan, bi wọ́n láwọn ìbéèrè yìí, kó o má sì tijú. Ṣé wọ́n máa jẹ́ kí n fi dátà yìí ṣe iṣẹ́ másítà mi? Tí wọ́n bá kọ àpilẹ̀kọ látinú iṣẹ́ tí mo ṣe, ṣé orúkọ mi máa wà níbẹ̀? Owó ìwádìí yìí, ìgbà wo ló máa parí? Ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an, níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, àárín ọdún lowó àwọn onígbọ̀wọ́ tán, ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa, àwa tá a kéré jù ni wọ́n kọ́kọ́ dá dúró.

ÀbíkẹMaryland:
Ẹ kú ìkàlẹ̀. Àwọn tó ń wo òkè òkun nínú yín, ẹ ṣọ́ra fún orúkọ iṣẹ́ yẹn o. Ní Amẹ́ríkà níbí, ní yunifásítì bíi Maryland tàbí Michigan, ẹni tó ti gba PhD ni wọ́n ń pè ní assistant research scientist. Ẹni tó ní dígírì àkọ́kọ́, research assistant tàbí technician ni kó máa wá. Mo mọ àwọn tó ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ síbẹ̀ lójoojúmọ́ tí ẹnì kankan ò dá wọn lóhùn, wọn ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn tó yẹ kí wọ́n kàn kọ́ nìyẹn.

Àbúrò, ọdún kan yẹn wúlò fún ẹ kódà tó bá jẹ́ ibí lo fẹ́ wá ṣe másítà. Àwọn ẹ̀ka kan wà níbí tó jẹ́ pé tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan bá gbà ẹ́, wọ́n á san owó ilé ìwé ẹ, wọ́n á sì máa fún ẹ lówó tó o máa fi jẹun. Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn máa wá ni lẹ́tà látọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ti rí ọwọ́ ẹ lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́tà lékíṣọ́rà tó jẹ́ pé inú kíláàsì ẹlẹ́ni igba ló ti mọ̀ ẹ́ ò lè sọ tó bẹ́ẹ̀.

ỌmọẸrinIlé:
Háà, ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti fi ohun tí Àǹtí Adúnní sọ han bàbá mi, wọ́n ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n BàbáPákí, báwo lẹ ṣe ń kọ ìwé yín gan-an, torí nígbà IT inú ìwé tó bá wà lọ́wọ́ la kàn ń kọ ọ́ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé obìnrin ń pẹ́ nídìí iṣẹ́ oko yìí?

BàbáPákí:
Obìnrin ń pẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn obìnrin ni ọwọ́ wọn balẹ̀ jù nídìí òdòdó. Ṣáà ra bàtà òjò tó dáa, torí ejò wà lóko.

Tìwé nìyí. Tó o bá wà ní láàbù, báírò ni kó o fi kọ, tó o bá ṣì í kọ fi ìlà kan ṣoṣo fà á, kí wọ́n ṣì lè kà á, kọ déètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, má ya ojú ìwé kankan. Tó bá jẹ́ táàgì oko ni, pẹ́ńsùlù ni, òjò máa ń fọ báírò dànù, pẹ́ńsùlù ò ní lọ. Tẹ́ ẹ bá ń já ewé fún DNA, ọ̀dọ́ ewé tó wà lókè pátápátá ni, inú páálí oníhò 96 ló ń lọ, tó o bá fo ihò kan láìkọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e ti di ti ẹlòmíì nìyẹn, kò sì sí ẹ̀rọ tó máa sọ fún ẹ.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù: má fi 0 síbi tó ò dé. 0 ni pé mo wò ó, kò so rárá. Tó ò bá rí i wò, torí màlúù ti jẹ ẹ́ tàbí ilẹ̀ ti ṣú, kọ NA, ìyẹn pé kò sí dátà, kó o kọ ìdí ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti rí iṣẹ́ ọdún kan gbáko tó bà jẹ́ torí òfo tí ẹnì kan kọ síbi tí kò wò. Tó o bá délé nírọ̀lẹ́, fi dátà ọjọ́ yẹn pa mọ́ sí ibi méjì kó o tó jẹun. Ọ̀gá tó bá rí i pé ohun tó o kọ ni ohun tó wà lóko máa di ẹ́ mú, bó tiẹ̀ jẹ́ ìwọ lo kéré jù níbẹ̀.

AdúnníLáàbù:
Nǹkan kan ṣoṣo ló kù. Pe àwọn tó o fẹ́ kọ orúkọ wọn sí CV yẹn lónìí, kó o sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́ fún wọn, kó o sì fi ìkéde yẹn ránṣẹ́ sí wọn. Má dúró di alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kó o tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ìgbà yẹn ni gbogbo èèyàn máa ń ya lu síbẹ̀, ó lè má gbà á mọ́.