Ṣé tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tó láti wọ ọkọ̀ ojú irin ní Jámánì?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Èmi tí mo ń gbé ní Àkúrẹ́, níbi tí ọkọ̀ ojú irin kò dé, fẹ́ wọ bàálù láti Èkó lọ sí Frankfurt, kí n sì ti pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Köln. Mo san owó méjèèjì pọ̀ lábẹ́ ètò Rail&Fly, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì bàálù nìkan ni mo rí nínú ímeèlì. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé; ẹni tó bá mi rà á ní ó ti tó, síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Ṣé òun náà ni n ó fi han ayẹ̀wéwò inú ọkọ̀ ojú irin, àbí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba òmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣíwájú.