Ìbéèrè: èdè Ṣáínà wo gan-an ni ká ní kí atúmọ̀-èdè kọ?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé iṣẹ́ wa fẹ́ tú ìwé ìlànà ẹ̀rọ sí èdè Ṣáínà fún oníbàárà ní Guangzhou àti Hong Kong. Ẹnì kan ní ká kọ Mandarin, ẹlòmíràn ní Hànyǔ, wọ́n tún dárúkọ Zhōngwén, Pǔtōnghuà àti Sino-Tibetan. Ṣé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Èdè: Rárá o, àbúrò. Ìdílé èdè ńlá ni Sino-Tibetan. Èdè Tibet àti ti Burma wà níbẹ̀. Sinitic ni ẹ̀ka àwọn èdè Ṣáínà: Mandarin, Yue tí Cantonese wà lábẹ́ rẹ̀, Wu, Min, Hakka àti àwọn mìíràn. Bí Yorùbá, Ìṣẹkírì àti Ígálà ṣe jọ wà ní ẹ̀ka Yoruboid nínú ìdílé Niger-Congo ni. Ọmọ Ọ̀yọ́ kò lè gbọ́ Ígálà láìkọ́ ọ. Ará Beijing kò lè gbọ́ Cantonese láìkọ́ ọ.

Hànyǔ ni èdè àwọn ẹ̀yà Han, ẹ̀yà tó pọ̀ jù ní Ṣáínà. Zhōngwén sún mọ́ èdè bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Pǔtōnghuà ni èdè àjùmọ̀lò tí ìjọba gbé kalẹ̀ láàárín 1955 sí 1956, ohùn Beijing ni ìpìlẹ̀ ìpè rẹ̀. Taiwan ń pe tiwọn ní Guóyǔ, Singapore ní Huáyǔ. Mandarin fẹ̀ ju Pǔtōnghuà lọ: Mandarin ni wọ́n ń sọ ní Sichuan, síbẹ̀ kì í ṣe Pǔtōnghuà.

Atúmọ̀-Èdè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "Mandarin" nìkan sórí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kó wà nínú ìwé, kò sọ irú àmì ìkọ̀wé tí ẹ fẹ́. Guangzhou: Simplified, ìyẹn àmì ìkọ̀wé tí wọ́n sọ di rírọrùn, kóòdù rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ni zh-CN. Hong Kong: Traditional, ìyẹn àmì ìkọ̀wé àtijọ́, zh-HK. Ẹ má fi ti Taiwan rọ́pò rẹ̀ o: 軟件 ni Hong Kong ń pe ètò orí kọ̀ǹpútà, 軟體 ni Taiwan ń pè é.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ nìkan yí Simplified sí Traditional. 干 kan ṣoṣo lè di 乾, ìyẹn gbígbẹ, tàbí 幹, ìyẹn ṣíṣe iṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti ní kí òṣìṣẹ́ lo aṣọ gbígbẹ ni ẹ ó ti rí àṣìṣe yẹn.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Fídíò ńkọ́?

Atúmọ̀-Èdè: Pǔtōnghuà fún Guangzhou, torí àwọn òṣìṣẹ́ láti ìpínlẹ̀ mìíràn pọ̀ níbẹ̀. Cantonese fún Hong Kong, kí wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ náà tò bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́: "kì í ṣe" tó jẹ́ 不是 nínú ìwé, 唔係 ni lẹ́nu wọn.