Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gba iṣẹ́ CASA

Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà. CASA (Court Appointed Special Advocate) ni ẹni tí adájọ́ yàn láti máa tọpa ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ tàbí tí wọ́n pa tì, tí ẹjọ́ rẹ̀ sì ti dé kóòtù. Kì í gbowó, kò sì di dandan kó jẹ́ lọ́yà. Ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 lè ṣe é, bí ìwádìí ìtẹ̀ka àti ìwà àtẹ̀yìnwá rẹ̀ bá mọ́. Yóò gba ẹ̀kọ́ wákàtí 30 kó tó búra níwájú adájọ́, lẹ́yìn náà wákàtí 12 lọ́dọọdún. Adájọ́ David Soukup ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Seattle lọ́dún 1977, nítorí ó ń dájọ́ lórí ọmọ láìrí ẹni tó lè sọ fún un bí ọmọ náà ṣe ń gbé gan-an. Ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ yín náà nìyẹn. Adájọ́ kò lè dé ilé tí ọmọ ń sùn. Ìròyìn yín ni ojú tó fi ń ríran.

Kí ẹ tó lọ rí ọmọ, ẹ ka fáìlì tán. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé àṣẹ tí adájọ́ fi yàn yín, ẹ máa gbé e dání, torí iléèwé àti ọsibítù kò ní sọ̀rọ̀ kan fún yín láìrí i. Ẹ wá ya ìwé kan sọ́tọ̀ fún ọjọ́ nìkan: ọjọ́ tí wọ́n mú ọmọ kúrò nílé, ọjọ́ tó dé ilé alágbàtọ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1997, adájọ́ gbọ́dọ̀ jókòó láàárín oṣù 12 láti pinnu ibi tí ọmọ yóò fìdí kalẹ̀ sí. Bí ọmọ bá ti lo oṣù 15 nínú oṣù 22 tó kẹ́yìn lọ́dọ̀ alágbàtọ́, ìjọba gbọ́dọ̀ béèrè pé kí wọ́n gba ẹ̀tọ́ òbí lọ́wọ́ òbí, àyàfi bí ìdí tí òfin gbà bá wà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe ni pé wọn kì í bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù yìí lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọmọ. Ọjọ́ tí adájọ́ kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n fìyà jẹ ọmọ náà tàbí pa á tì ni, tàbí ọjọ́ tó pé ọjọ́ 60 tí ọmọ ti kúrò nílé, èyí tó bá ṣáájú. Òfin ìpínlẹ̀ míì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bi alábòójútó yín ní ọ́fíìsì CASA.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọjọ́ ni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe òbí níbi jù. Wọ́n á ní kí ìyá lọ gba ìtọ́jú oògùn olóró. Àyè kò ní sí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹnikẹ́ni kò ní kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí oṣù 12 bá pé, ìwé á sọ pé ìyá kò ṣe nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ méjì fún ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ní kí òbí ṣe: ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, àti ọjọ́ tí àyè ṣí sílẹ̀.

Ẹ fojú kan ọmọ lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán láàárín ọjọ́ 30 kọ̀ọ̀kan, níbi tó ń gbé. Ẹ wo ibi tó ń sùn àti ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Ẹ wo bàtà rẹ̀, ṣé ó gbà á. Ẹ ka orúkọ, ìwọ̀n àti ọjọ́ tó wà lára ìgò oògùn rẹ̀. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ níbi tí alágbàtọ́ kò sí. Ẹ má fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò nípa ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́; àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ wà, ìbéèrè àsọtúnsọ sì lè ba ẹ̀rí ọmọ jẹ́. Bó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ pe alábòójútó àti àwọn tó ń gba ẹ̀sùn ìfìyàjẹ ọmọ fún ìjọba lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnì kankan, ẹ má sì ṣèlérí pé yóò padà sílé.

Nínú ìròyìn, ẹ ya ohun tí ẹ rí, ohun tí wọ́n sọ fún yín àti ohun tí ẹ rò sọ́tọ̀. "Ọmọ náà kò láyọ̀" kò wúlò fún adájọ́. "Olùkọ́ rẹ̀ sọ pé ó sùn ní kíláàsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí" wúlò. Ohun tí ẹ bá béèrè náà gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò ṣe é àti ọjọ́ tí yóò ti ṣe é tán. Ẹ má pe adájọ́ sí kọ̀rọ̀ láé. Gbogbo lọ́yà tó wà nínú ẹjọ́ ló gbọ́dọ̀ rí ohun tí adájọ́ rí.

Mo fẹ́ fi ti àwọn ọmọ Yorùbá kún un. Òfin ọdún 2008 ní kí ìjọba wá àwọn àgbàlagbà inú ẹbí, kó sì fi tó wọn létí láàárín ọjọ́ 30 tí wọ́n bá mú ọmọ. Ọmọ wa á dárúkọ àǹtí mẹ́wàá, òṣìṣẹ́ á sì gbà pé ẹbí ni gbogbo wọn, tàbí kó má tilẹ̀ ka ọ̀kankan sí. Ẹ bi í pé: ọmọ ìyá ta ni àǹtí yìí? Ìyá wọn dà? Ẹ kọ ìdáhùn náà ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ ìjọba. Bí ọmọ kò bá wo àgbà lójú, ẹ ṣàlàyé nínú ìròyìn pé ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ ilé, kí wọ́n má kàn pè é ní irọ́. Àmọ́ ẹ má ṣe ògbufọ̀ o, ẹ ní kí kóòtù mú ògbufọ̀ tirẹ̀ wá. Bí ẹ bá sì jọ wà ní ìjọ kan náà pẹ̀lú ìdílé yẹn, ẹ má gba ẹjọ́ náà.

Ọmọ tí kò ní ìwé ìgbélùú, tí òbí rẹ̀ fìyà jẹ tàbí pa tì, lè yẹ fún ipò tí wọ́n ń pè ní Special Immigrant Juvenile, èyí tó lè jẹ́ kó rí ìwé ìgbélùú gbà. Kóòtù ìpínlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kọ àṣẹ tó bá a mu, kí ọmọ sì fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ kó tó pé ọdún 21, láìtíì ṣègbéyàwó. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, agbára kóòtù lórí ọmọ máa ń dópin ní ọdún 18, torí náà ẹni tó bá dúró di ìgbà yẹn ti pẹ́. Ẹ béèrè lọ́yà ìwé ìgbélùú nínú ìròyìn yín àkọ́kọ́.

Ó ku díẹ̀ péré. Òfin ọdún 2015 ní kí ọmọ máa bá iléèwé rẹ̀ lọ bí wọ́n tilẹ̀ gbé e lọ sílé míì, àyàfi bí kò bá ní ṣe é láǹfààní. Bó bá sì gbọ́dọ̀ yí i padà, kí iléèwé tuntun gbà á lójú ẹsẹ̀, ìwé rẹ̀ ì báà má tíì dé. Ẹ má gbé ọmọ lọ sílé yín, ẹ má fún un lówó. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kò tilẹ̀ gbà kí ẹ fi ọkọ̀ gbé e. Àwòrán rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé WhatsApp. Ẹjọ́ kan tàbí méjì tó fún ẹnì kan, ẹ má sì gba èyí tí ẹ ò ní bá dé òpin, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi ọmọ yẹn sílẹ̀ ṣáájú yín. Bí ẹjọ́ bá parí, ẹ dá gbogbo ìwé padà sí ọ́fíìsì, kí ẹ sì pa èyí tó wà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà yín rẹ́.