Rédíò FM lórí fóònù tí kò ní ihò íápíìsì: adáptọ̀ wo ló ń ṣiṣẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ fóònù. Wáyà íápíìsì ló máa ń fa ìgbì FM wọlé, Bluetooth ò lè ṣe é. Adáptọ̀ USB-C sí 3.5 mm (èyí tó ń so íápíìsì oníwáyà mọ́ ihò ṣájà fóònù) sì pín sí oríṣi méjì. Èyí tó ní DAC nínú (ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ orin díjítà di ìró tí íápíìsì lè gbé jáde) ń gbé orin jáde dáadáa, ṣùgbọ́n wáyà rẹ̀ kì í sábà kan ẹ̀rọ FM, ariwo ṣàà lásán lẹ máa gbọ́. Èyí tí kò ní DAC (owó tirẹ̀ ló sábà máa ń kéré), ọ̀pọ̀ fóònù ò tiẹ̀ dá a mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, fóònù wo tó ní FM, tí kò ní ihò 3.5 mm, lẹ mọ̀ tó ń mú ìbùdó pẹ̀lú adáptọ̀ tí kò ní DAC? Nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì gan-an ni kí ẹ kọ.