Àjọhun ni mo fara mọ́: lórí orúkọ tí a ó fún ìpàdé àwọn ahunṣọ ní Kàbà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín. Okun o.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ ti sọ láti ìgbà tí àǹtí wa ní Kàbà ti béèrè ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ sórí ìwé ìpè wọn. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: wọ́n fẹ́ máa kó àwọn tó ń fọwọ́ hun aṣọ jọ lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú àwọn tó ń ran òwú, àwọn aláró, àwọn tó ń hun ẹní, títí dórí àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń fi kroṣé hun fìlà ọmọ ọwọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ owó. Kálukú á mú iṣẹ́ tirẹ̀ wá, wọ́n á jókòó ti ara wọn, ẹni tó mọ̀ ọ́n á kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin gbòógì ló ti jáde: "iṣẹ́ ọnà fọ́nrán", "ọ̀wẹ̀ ahunṣọ", "àáró òwú" àti "ẹgbẹ́ ahunṣọ". Ìkarùn-ún ni mo mú wá yìí, "àjọhun".

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ fọ́nrán, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ yín ti fẹ́ gbà. Bọ̀dá wa tó mú un wá kò ṣìnà ní ti ìtumọ̀. Fọ́nrán òwú, fọ́nrán irun, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lè fà yọ lára èyí tó pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn oníròyìn ti gba ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ tan rédíò, ẹ ṣí ìròyìn Yorùbá èyíkéyìí lórí fóònù yín: "fọ́nrán kan tó gba orí ayélujára kan", "fọ́nrán ohùn tó jáde lánàá". Fún ọmọ ogún ọdún ní Lọ́kọ́ja lónìí, fídíò ni fọ́nrán. Bó bá rí "iṣẹ́ ọnà fọ́nrán" lára ògiri, ìpàdé àwọn tó ń ya fíìmù ló máa rò pé wọ́n ń pè é sí. Àwọn tí àǹtí wa sì ń wá jù ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì tí mo rí sí i jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gẹ̀ẹ́sì ló kó irun àgùntàn, òwú, ọ̀gbọ̀, sílíkì àti ìko sábẹ́ orúkọ kan, "fibre", tó wá fi ohun èlò yẹn pe iṣẹ́ ọnà. Àwa kì í sábà fi ohun èlò pe iṣẹ́. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe la sábà fi ń pè é. Ẹni tó ń fi amọ̀ ṣiṣẹ́, amọ̀kòkò là ń pè é, nítorí ó ń mọ ìkòkò. Ẹni tó ń fi igi ṣiṣẹ́, gbẹ́nàgbẹ́nà ni, nítorí ó ń gbẹ́ ọnà. Aránṣọ ń rán aṣọ, ahunṣọ ń hun ún. Kódà àwọn òyìnbó fúnra wọn kò jìnnà sí wa nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹnu iṣẹ́: ẹgbẹ́ tó kó àwọn ahunṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ ń jẹ́ Association of Guilds of Weavers, Spinners and Dyers. Àwọn tó ń hun, àwọn tó ń ran, àwọn tó ń rẹ. Iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n dá lórúkọ, wọn ò dárúkọ ohun èlò kankan.

Ẹnì kan tún dá a lábàá pé ká pè é ní "iṣẹ́ okùn". Lọ́dọ̀ àwọn ará Ìbàdàn, ó lè lọ. Lọ́dọ̀ wa níbí, kò ní lọ. Ẹ̀ẹ̀melòó là ń rí àmì ohùn lára ìwé ìpè tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri? Bí wọ́n bá kọ ọ́ láìsí àmì, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Ọ̀wọ́rọ̀ ni wọ́n ti máa kà á sí iṣẹ́ àwa Okun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, wọ́n á rò pé ìpàdé ìdàgbàsókè ìlú ni. Àwọn ìyá wa ní Okene ńkọ́, àwọn obìnrin Ẹbira tí iṣẹ́ aṣọ híhun wọn lókìkí jákèjádò Nàìjíríà? Wọ́n á ní kì í ṣe àwọn là ń pè. Àǹtí wa sì ti sọ pé àwọn fẹ́ kí wọ́n wá.

Ó wá kan ọ̀wẹ̀ àti àáró. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ ká ti fara balẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ gidi ni méjèèjì, ọ̀rọ̀ ilé wa, n kò sì fẹ́ ká lò wọ́n níbi tí wọ́n ti máa pàdánù ìtumọ̀ wọn.

Ọ̀wẹ̀ ní ẹni tó ni iṣẹ́ náà. Mo ní oko tó pọ̀ jù fún mi, mo bẹ̀ yín lọ́wẹ̀, ẹ wá, mo se iyán, mo wá ẹmu, ẹ bá mi ṣe é tán, ẹ lọ. Oko náà ṣì jẹ́ tèmi. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ni Èṣù ń bẹ̀ lọ́wẹ̀: iṣẹ́ Èṣù lọwọ́ náà máa ṣe, kò ní ṣe ti ara rẹ̀. Bí ìyá kan bá pe àwọn obìnrin àdúgbò kí wọ́n wá bá òun ran òwú aṣọ tí òun fẹ́ fún ọmọ òun tó ń lọ ilé ọkọ, ọ̀wẹ̀ nìyẹn, kò sí orúkọ mìíràn tó yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé ọjọ́ Sátidé ní Kàbà, kò sí ẹnì kan tó ni iṣẹ́ gbogbo wa. Aṣọ tí mo gbé wá ni mo máa gbé lọ.

Àáró ní tirẹ̀ jẹ́ gbèsè. Lónìí oko mi, lọ́la oko rẹ, lọ́túnla oko ti ẹnì kẹta. Ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, gbogbo abúlé ló máa mọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìsánlú sọ pé a lè "na" ìtumọ̀ rẹ̀ díẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Ohun tó mú àáró jẹ́ àáró ni pé mo jẹ ọ́ ní ọjọ́ kan. Bí a bá yọ ìyẹn kúrò, kí ló kù? Àwọn ọmọ wa á wá rò pé ìpàdé lásán ni àáró. Ọ̀rọ̀ tó gbé gbogbo ìlànà iṣẹ́ oko wa dání, ká má fi ṣe orúkọ fàájì.

Ní ti "ẹgbẹ́ ahunṣọ", ẹgbẹ́ jẹ́ èèyàn, kì í ṣe ìjókòó. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní Handweavers Guild of America, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1969. Ẹgbẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìpàdé ńlá tí ẹgbẹ́ náà sábà máa ń ṣe ní ọdún méjì méjì ní orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, Convergence. Wọn ò da méjèèjì pọ̀. Ẹ tún wo ohun tí ẹgbẹ́ túmọ̀ sí nílùú wa: alága, akápò, owó oṣù, aṣọ ẹgbẹ́, ìtanràn fún ẹni tó bá pẹ́ dé. Ìyá àgbà tó mọ aṣọ híhun tó sì wà nílé rẹ̀, bí o bá ní kó wá sí ẹgbẹ́, ohun tó máa kọ́kọ́ bi ọ́ ni iye tó máa san. Ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ lé àwọn tí a nílò jù sẹ́yìn.

Ó wá ku àjọhun. Bí a ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀ kò ṣàjèjì sí etí ẹnikẹ́ni: àjọṣe, àjọjẹ, àjọsọ, àjọgbé, àjọni. A mú "jọ" ṣáájú ọ̀rọ̀ ìṣe, a fi "à" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi lórí fóònù láìṣàlàyé ohunkóhun, mo kàn ní, "Mọ́mì, wọ́n ń ṣe àjọhun ní Kàbà." Wọ́n dáhùn pé, "Àwọn wo ló ń hun ún?" Wọn ò béèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdánwò tí mo mọ̀ fún ọ̀rọ̀ tuntun nìyẹn, kí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí bá a sọ̀rọ̀ lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Àkọ́kọ́, pé àjọjẹ túmọ̀ sí kí a jẹun nínú àwo kan, nítorí náà àjọhun á túmọ̀ sí kí a pawọ́ pọ̀ hun aṣọ kan ṣoṣo. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ báyìí. Àwọn tó ń ṣe àjọgbé nínú ilé kan, kálukú ló ní yàrá tirẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ibi tí a wà pọ̀ ni "jọ" ń sọ. Bí ó bá sì wá ṣẹlẹ̀ pé wọ́n fẹ́ pawọ́ pọ̀ ṣe aṣọ kan lóòótọ́, bí irú ìdíje tí wọ́n máa ń ṣe ní Amẹ́ríkà, tí àwọn kan á rẹ́ irun àgùntàn, tí àwọn kan á ran án, tí ẹlòmíràn á hun ún di ìborùn kí ilẹ̀ tó ṣú, àjọhun ṣì gbà á.

Èkejì, pé ọ̀rọ̀ náà yọ àwọn tó ń ran òwú àti àwọn aláró sílẹ̀. Bí a bá ní àjọjẹ, ṣé a yọ mímu sílẹ̀ ni? Orí iṣẹ́ la fi ń pe ìyókù. Hun sì gbòòrò lẹ́nu wa ju bí àwọn kan ṣe rò lọ: a ń hun aṣọ, a ń hun ẹní, a ń hun apẹ̀rẹ̀, a ń hun súwẹ́tà. (Ẹ̀yin tó ń pè é ní wun, àjọwun ni tiyín, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.) Ẹnì kan ní kí a kúkú pè é ní "àjọran", nítorí ìrànwú, ohun tí a fi ń ran òwú, ni obìnrin lè gbé kiri. Òótọ́ ńlá wà nínú ohun tó sọ, màá padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ "ajoran" láìsí àmì sára ògiri ilé ìwòsàn kan, kí ẹ wo bí àwọn èèyàn ṣe máa sá fún àrùn tó ń ràn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo rí nílé nípa òfì, ohun èlò tí a fi ń hun aṣọ, nítorí ó kan orúkọ yìí. Òfì àwọn ọkùnrin, irú ti Ìṣẹ́yìn, ìbú ló dùbúlẹ̀. Èèyàn jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ń ju ọ̀kọ̀ lọ bọ̀, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn ló ń jáde, èyí tí wọ́n á gé tí wọ́n á sì rán pọ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Òfì àwọn ìyá wa dúró ní òòró, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Igi kan lókè, igi kan nísàlẹ̀, òwú yí méjèèjì po. Ìyá àgbà mi a jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n á na ẹsẹ̀ gbọọrọ, wọ́n á ti pátákó pẹlẹbẹ kan tó rí bí idà bọ àárín òwú, wọ́n á yí i dúró kí ọ̀nà lè là, wọ́n á fi òwú mìíràn gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á wá fi pátákó náà lù ú sísàlẹ̀, gbì, gbì. Aṣọ tó ń ti ibẹ̀ jáde fẹ̀, ó nípọn, méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ìró. Irú kíjìpá bẹ́ẹ̀, ẹ má pè é ní aṣọ òkè nínú ìwé ìpè, ẹ̀yin tí ẹ kọ "àwọn ahun-aṣọ-òkè" lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀tọ̀ ni òfì, ọ̀tọ̀ ni aṣọ.

Òfì tó fẹ̀yìn ti ògiri kò ṣeé gbé lọ sóde. Nítorí náà ẹni tó ń hun kì í rìn, àwọn ẹlòmíràn ló ń wá bá a, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òwú àti ìrànwú rẹ̀ nínú igbá, wọ́n á jókòó yí i ká. Ohun tí mo bá nílé wa nìyẹn, àárín rẹ̀ ni híhun wà. Mo rò pé ìdí gan-an nìyí tí orúkọ fi gbọ́dọ̀ wà lára hun. Lónìí, àwọn káfíńtà lè kan òfì kékeré tí èèyàn lè gbé lórí ẹsẹ̀, tí a sì lè gbé wọ ọkọ̀ láti Mọ̀pà. Ìyẹn ló mú kí ìpàdé Sátidé yìí ṣeé ṣe.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí àǹtí wa fi kún un: kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé aṣọ tí kálukú ń hun fún ìlò ara rẹ̀ ni a ń pè fún. Àwọn ará Bùnú ní aṣọ pupa tí wọ́n ń pè ní aṣọ ipo, ó jẹ mọ́ ìsìnkú àwọn olóyè. Kí ẹnikẹ́ni má gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ fún ìkọ́ni láìjẹ́ pé ó ti bi àwọn àgbà Bùnú léèrè.

"Olólùfẹ́" tí ẹ ń jà lé lórí, bóyá ká fi pe àwọn tí kì í hun fún owó, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ẹni tó ń hun fún owó, ahunṣọ ni. Ẹni tó ń hun ún tìfẹ́tìfẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ báǹkì, ahunṣọ ni òun náà. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n, ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀.

Bí wọ́n bá gbà fún mi, ohun tí màá kọ sórí ìwé ìpè nìyí:

"Ẹ wá sí àjọhun ní Kàbà lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó ń hun, ẹni tó ń ran, ẹni tó ń rẹ láró, ẹ gbé iṣẹ́ yín dání. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ máa bọ̀, a ó kọ́ yín. Ẹnikẹ́ni kò ní san kọ́bọ̀."

Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ̀yin ará Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ tí wọ́n ń pe ìrànwú àti pátákó tí wọ́n fi ń lu aṣọ nílé yín ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí a lè fi gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà.