Ìmọ̀ràn: ọ̀nà wo ló dára jù láti pààrọ̀ lẹ́tà inú fáìlì pẹ̀lú C, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà?

Ará Ọ̀bà-Ilé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iye owó ọjà Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ló wà nínú fáìlì iyeoja.txt. Mo fẹ́ kí C sọ gbogbo kọ́mà inú rẹ̀ di àmì ;. Mo fi fopen, tó ń ṣí fáìlì, ṣí i ní ipò "w+", ó sì ṣófo pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n lò?

Ìjàpọ̀: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. "w" àti "w+" máa ń nu fáìlì nù kí o tó ka ohunkóhun. Ṣe ẹ̀dà fáìlì rẹ ná. "a+" kò wúlò níbí: ibi yòówù nínú fáìlì tí o bá fi fseek sún ibi kíkà àti kíkọ lọ, ìparí fáìlì ni yóò máa kọ̀wé sí. "rb+", tó ń kà tó sì ń kọ láìnu fáìlì nù, ni kí o lò, torí pé báìtì 1 (ẹyọ àyè kan nínú fáìlì) ni kọ́mà, báìtì 1 náà sì ni àmì ;.

```
FILE *fp = fopen("iyeoja.txt", "rb+");
int c;
if (fp == NULL) return 1;
while ((c = fgetc(fp)) != EOF) {
    if (c == ',') {
        fseek(fp, -1, SEEK_CUR);
        fputc(';', fp);
        fseek(fp, 0, SEEK_CUR);
    }
}
fclose(fp);
```

fseek àkọ́kọ́ dá ọ padà sórí kọ́mà, nítorí fgetc, tó ń ka báìtì kọ̀ọ̀kan, ti kọjá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yọ ìkejì kúrò torí pé ó jọ pé kò ṣe nǹkan kan. Ẹ má yọ ọ́! Òfin C kò gbà kí a kọ̀wé tán kí a sì kàwé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láìsí fseek tàbí fflush (tó ń rí i pé ohun tí a kọ dé inú fáìlì) láàárín wọn.

Alágbàkà: Má sọ int c yẹn di char o. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, char, irú àyè tó gba báìtì 1, kì í gba iye tó kéré sí òdo, EOF, àmì pé fáìlì ti parí, sì kéré sí òdo. Yípo náà kò ní parí láéláé. Má sì lo while (!feof(fp)): ẹ̀yìn ìgbà tí kíkà bá ti kùnà ni feof tó ń sọ pé fáìlì ti parí. Lẹ́tà b inú "rb+" ṣe pàtàkì lórí Windows, torí pé láìsí i, báìtì 2 tó ń parí ìlà á di ẹyọ 1 lójú fgetc, -1 sì lè gbé ọ lọ síbi tí kò yẹ.

Ará Ọ̀bà-Ilé: Ẹ ṣé gan-an, kọ́mà ti yí padà. Mo tún fẹ́ sọ "Akure" di "Àkúrẹ́" nínú fáìlì kan náà. Ṣé "rb+" náà ni?

Ìjàpọ̀: Rárá o. Báìtì 5 ni "Akure". Nínú UTF-8, ọ̀nà tí a fi ń tọ́jú lẹ́tà sínú báìtì, À gba 2, k gba 1, ú gba 2, r gba 1. ẹ nìkan gba 3, àmì ohùn orí rẹ̀ gba 2 sí i. Àpapọ̀ jẹ́ 11. Tí o bá kọ ọ́ sórí ti tẹ́lẹ̀, yóò jẹ báìtì 6 nínú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e. C kò ní ọ̀nà kankan láti ti ọ̀rọ̀ sẹ́yìn nínú fáìlì.

Fáìlì tuntun ni kí o kọ. Fi "rb" ṣí ti àtijọ́, fi "wb" ṣí iyeoja.tmp nínú fódà kan náà. Ka ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fgets, fi strstr wá "Akure", kọ ohun tó ṣáájú rẹ̀, kọ "Àkúrẹ́", fo báìtì 5, kí o sì tún wá a títí ìlà á fi tán. Jẹ́ kí àyè fgets gùn ju ìlà tó gùn jù lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, "Akure" lè pín sí méjì kí strstr má rí i.

Arákàlẹ̀: Wo èsì fclose fáìlì tuntun kí o tó fi rename gbé e rọ́pò ti àtijọ́. Tí àyè dísìkì bá ti tán, ibẹ̀ ni àṣìṣe sábà máa ń hàn. Lórí Linux, rename á rọ́pò fáìlì àtijọ́ fúnra rẹ̀. Lórí Windows, kọ́kọ́ fi remove pa á rẹ́.